Ọ̀JỌ̀GBỌ́N MÁKANJÚỌLÁ ÀTI Ẹ̀RỌ Ẹ̀GÚSÍ: Ẹ̀KỌ́ FÚN ILẸ̀ ÌJẸ̀ṢÀ ÀTI ÒṢOGBO

Nínú irú ìwé báyìí, ìtàn àwọn ọba, àwọn olóyè, àwọn jagunjagun àti àwọn oníṣòwò wa ni a sábà máa ń gbé síwájú yín. Kò sí ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ìtàn Ògèdèǹgbé ṣàjèjì sí. Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn àwọn Òṣómàáló, tí wọ́n ru aṣọ kiri títí dé ilẹ̀ tí ó jìnnà, tí wọ́n sì lóṣòó ti onígbèsè títí owó fi jáde. Ṣùgbọ́n irú ènìyàn kan wà tí a kì í sábà rántí nígbà tí a bá ń ka àwọn ẹni ńlá: ẹni tí ó jókòó, tí ó ronú, tí ó sì fi irin tàbí igi ṣe ohun tí ó mú iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ aya àgbẹ̀ fúyẹ́. Nípa irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lọ́dún yìí.

Ẹni tí a mú lẹ́nu kì í ṣe ará ọ̀nà jíjìn. Ilé-Ifẹ̀ ni ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀, níbi tí kò tó ọgbọ̀n máìlì sí Ilẹ́ṣà. Ọ̀jọ̀gbọ́n G. A. Mákanjúọlá ni, olùkọ́ nípa ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tí a yí orúkọ rẹ̀ padà sí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọdún 1987. Àwọn ọ̀mọ̀wé tí ń ṣe ẹ̀rọ fún àgbẹ̀ mọ orúkọ yìí dáadáa. Ṣùgbọ́n bí a bá dúró ní Ọjà Àtàkúmọ̀sà ní Ilẹ́ṣà, tí a bi àwọn ìyá tí ń ta ẹ̀gúsí léèrè bí wọ́n bá ti gbọ́ orúkọ náà rí, ẹ̀rù ń bà wá pé àwọn tí yóò dáhùn kò ní pọ̀. Ohun tí ó mú wa kọ ìwé yìí nìyẹn.

Kò sí ọmọ tí a tọ́ ní ilé àgbẹ̀ tí kò mọ ohun tí ẹ̀gúsí bíbó jẹ́. Àgbẹ̀ a gbin ín sáàárín iṣu àti àgbàdo. Ìtàkùn rẹ̀ a bo ilẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí koríko rí àyè. Nígbà tí ó bá gbó, a ó la èso rẹ̀, a ó fi í sílẹ̀ kí ó rà, a ó fọ̀ ọ́, a ó sì sá a sí oòrùn. Títí dé ibẹ̀, iṣẹ́ náà ṣì dùn ún ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá bá da á sínú atẹ, tí àwọn ọmọ sì jókòó yí i ká, ìgbà náà ni ìnira dé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ń fi èékánná bó o. Àlọ́ ni a fi ń gbàgbé ìnira náà. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi ṣú, orí ìka a máa ta ni, síbẹ̀ èyí tí ó wà nínú abọ́ lè má ju ohun tí a ó fi se ọbẹ̀ ìjọ́ kan tàbí méjì lọ. Bí ìyá náà bá wá fẹ́ tà á lọ́jà ńkọ́? Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gúsí bíbó fi wọ́n ju èyí tí ó ṣì wà nínú èèpo lọ. Kì í ṣe èso nìkan ni a ń ra. Ọwọ́ ìyá àti ọwọ́ ọmọ ni a ń san owó rẹ̀.

Nígbà tí àwọn ìjọba wa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa fífi ẹ̀rọ ṣe iṣẹ́ àgbẹ̀, katakata ni ó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Katakata dára, a kò sì bú u. Ṣùgbọ́n katakata kò bó ẹ̀gúsí, kò gún iyán, kò sì rin gàárì. Oko tí ó wà lórí òkè àti láàárín igbó kòkó ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, katakata mìíràn kò tilẹ̀ lè wọ ibẹ̀. Ẹ̀rọ tí àwọn òyìnbó ṣe fún oko àlìkámà wọn kò mọ̀ nípa ẹ̀gúsí, nítorí pé kò sí ẹ̀gúsí nínú ọbẹ̀ wọn. Ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ ni ó mọ ibi tí ó ti ń ta òun. Bí a bá máa rí ẹ̀rọ fún oúnjẹ wa, àfi kí ó ti ọ̀dọ̀ ẹni tí ń jẹ oúnjẹ náà wá.

Ní ọdún 1962 ni Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Ìbàdàn ni ó ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ó tó kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1967. Níbẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Mákanjúọlá ti dojú kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gúsí. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ọ̀nà tí ó gbà, nítorí pé inú ọ̀nà náà ni ẹ̀kọ́ wà. Kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òòlù. Ìwọ̀n ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1972 ó tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé nípa ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀, tí a ń tẹ̀ ní Ìlú Ọba, lórí bí hóró ẹ̀gúsí ti rí: bí ó ti gùn tó, bí ó ti fẹ̀ tó, bí ó ti nípọn tó. Ẹ̀gúsí tí àwọn ìyá wa ń pè ní bàrà, èyí tí etí rẹ̀ nípọn tí ó sì dúdú, àti èyí tí wọ́n ń pè ní sẹ̀rẹ̀wẹ̀, tí etí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, orúkọ Yorùbá wọ̀nyí gan-an ni ó wọ inú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé àgbáyé. Àwọn ìyá ọlọ́jà ti mọ ìyàtọ̀ náà kí ọ̀mọ̀wé tó dé. Ohun tí ọ̀mọ̀wé ṣe ni pé ó gba ìmọ̀ ọwọ́ wọn, ó sọ ọ́ di ìmọ̀ tí a lè kà, tí a sì lè fi ṣe irin.

Ní ọdún 1975 ó tún tẹ ìwádìí mìíràn jáde, èyí tí ó dá lórí ẹ̀rọ tí ń bó ẹ̀gúsí fúnra rẹ̀. Bí ọgbọ́n ẹ̀rọ náà ti rí nìyí. Àwo irin kan ń yí kíákíá nínú agolo ńlá kan. A ó da ẹ̀gúsí sí àárín àwo náà. Bí àwo ti ń yí, yóò gbá hóró náà jáde sí ẹ̀gbẹ́, gẹ́gẹ́ bí ọmọdé ti í fi kànnàkànnà ju òkúta. Hóró yóò lọ sọ ara rẹ̀ mọ́ ògiri agolo, èèpo yóò sì là. Ó rọrùn láti sọ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣòro tí ó wà nínú rẹ̀. Bí àwo bá yára jù, ẹ̀gúsí yóò fọ́ yángá, kò sì sí ẹni tí yóò san owó gidi fún ẹ̀gúsí tí ó ti rún. Bí ó bá falẹ̀ jù, èèpo kò ní là. Bí ẹ̀gúsí bá gbẹ jù tàbí tí ó tutù jù, ìwà rẹ̀ yóò yí padà. Nítorí náà ni ìwọ̀n tí a kọ́kọ́ ṣe fi níye lórí. Ẹni tí kò bá mọ bí hóró ti nípọn tó, báwo ni yóò ṣe mọ bí a ó ti gbá a lágbára tó?

Kì í ṣe ẹ̀gúsí nìkan ni ó fi ọwọ́ kàn. Ní ọdún 1974 ó kọ̀wé nípa ẹ̀rọ kan tí ó ṣe fún iyán àti àwọn oúnjẹ tí ó jọ ọ́. Àwa Ìjẹ̀ṣà kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ohun tí iyán jẹ́ fún wa. Ṣùgbọ́n bí a ti fẹ́ràn rẹ̀ tó, a kò sábà ronú nípa èjìká tí ń gbé ọmọ odó. Nínú ilé tí ènìyàn pọ̀ sí, ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta ni yóò máa gún un pọ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ bá ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tàbí sí Èkó, tí ó sì ku ìyá arúgbó nìkan, ta ni yóò gún un? Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ agúnyán wá dáhùn. Àwọn kan nínú wa rẹ́rìn-ín nígbà náà, wọ́n ní iyán tí a kò fi odó gún kì í ṣe iyán. Lónìí, nínú ilé ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ́nù àti Amẹ́ríkà, iná mànàmáná ni ó ń ṣiṣẹ́ ọmọ odó.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ òótọ́ tí ó dunni. Lẹ́yìn iṣẹ́ tí a ti ṣe ní Ifẹ̀, ẹ̀rọ agúnyán tí a ṣe ní ilẹ̀ òkèèrè wá sí ọjà wa, àwa ni a sì ń fi owó wa rà á. Òyìnbó kì í jẹ iyán, ará Éṣíà kì í jẹ ẹ́, síbẹ̀ wọ́n ń ta ẹ̀rọ rẹ̀ fún wa. Ìmọ̀ wà ní Ifẹ̀. Ọjà wà ní gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tí yóò ṣe ẹ̀rọ náà lọ́pọ̀ yanturu, tí yóò sì tà á ní iye tí ìyá ọlọ́jà lè san, òun ni ó ṣọ̀wọ́n láàárín wa.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti kan àwọn aládùúgbò wa ní Òṣogbo. Ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní ọdún 1907, láti ìgbà náà ni ìlú náà sì ti di ibi tí irin àti ẹrù oko ti ń pàdé. Ibẹ̀ ni ìjọba àpapọ̀ kọ́ ọ̀kan sí nínú ilé iṣẹ́ mẹ́ta tí a dá sílẹ̀ láti máa na irin. Àwọn méjì tí ó kù wà ní Jos àti Katsina. Ibẹ̀ náà ni a dá Nigeria Machine Tools sílẹ̀ sí ní ọdún 1980, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ilé iṣẹ́ HMT ti ilẹ̀ Índíà. Iṣẹ́ ilé iṣẹ́ yìí kì í ṣe láti ṣe ẹ̀rọ lásán. Láti ṣe ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe ẹ̀rọ ni. Ní Ilẹ́ṣà tiwa náà, ìjọba dá PEDI sílẹ̀ lábẹ́ àjọ NASENI, kí wọ́n lè máa sọ èrò orí ìwé di ẹ̀rọ tí a lè fọwọ́ kàn. Bí ẹnì kan bá na ìka láti Ifẹ̀ sí Ilẹ́ṣà, láti Ilẹ́ṣà sí Òṣogbo, yóò rí i pé gbogbo ohun tí a nílò fẹ́rẹ̀ẹ́ pé: ọ̀mọ̀wé tí ń wọn hóró, ilé tí ń ṣe àpẹẹrẹ ẹ̀rọ, àti ilé tí ń na irin. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni iṣẹ́ fi falẹ̀ tàbí tí ó dákẹ́ ní àwọn ilé ńlá Òṣogbo wọ̀nyí. Ìka kan kò lè yọ iná lórí. Ọwọ́ tí kò sì pa pọ̀ kò lè gbé igbá dé orí.

Nígbà tí àwọn ilé ńlá sùn, àwọn wo ni kò sùn? Àwọn alágbẹ̀dẹ àti àwọn wẹ́dà wa ni. Ẹ lọ sí ìsọ̀ wọn ní Òṣogbo tàbí ní Ilẹ́ṣà, ẹ ó rí ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́, tí a fi páànù tí a lu ihò sí lára yí igi róbótó ká. Ẹ ó rí jáàkì ọkọ̀ tí a sọ di ohun ìfún gàárì. Ẹ ó rí ẹ̀rọ tí ń pa èkùrọ́. Ta ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó ronú pé jáàkì tí a fi ń gbé ọkọ̀ sókè lè fún omi kúrò nínú ẹ̀gẹ́? A ti bi ọ̀pọ̀ àgbà léèrè. Èsì tí a ń rí gbà ni pé, “Báyìí ni a ṣe bá a.” Ẹni náà gbé ayé, ó mú ìnira kúrò lọ́rùn àìmọye obìnrin, ó sì kú láìní orúkọ.

Kì í ṣe òní ni èyí bẹ̀rẹ̀. Ìlú tí Ọwá Obòkun tìkára wọn ń jáde nígbà Ìwúdé Ògún kò lè sọ pé òun kò mọ iyì irin. Kí irin òkèèrè tó gba ọjà, àwọn Yorùbá ń fi òkúta inú ilẹ̀ wọn yọ́ irin. Ní ọdún 1904, òyìnbó kan tí ń jẹ́ Bellamy kọ ìròyìn nípa Ola-Igbi, abúlé kan nítòsí Ọ̀yọ́, tí irin yíyọ́ jẹ́ iṣẹ́ àwọn ará ibẹ̀. Àlejò ni ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa. Àwọn bàbá wa mọ iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n inú ilé ni wọ́n pa á mọ́ sí, láti ọ̀dọ̀ bàbá sí ọmọ. Nígbà tí ọmọ bá kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀, ọgbọ́n ọgọ́rùn-ún ọdún a bá ẹnì kan wọ ilẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó rékọjá òkun wé e. A mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wà níbẹ̀: ní Matanzas ní ilẹ̀ Kúbà, ẹgbẹ́ àwọn Ìjẹ̀ṣà tí a dá sílẹ̀ ní 1845 mú orúkọ wa dání, àwọn ará Bàhíà ní Bùràsíl sì ń pe ìlù kan ní Ijexá títí di òní. Ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan wà tí ń jẹ́ Henry Blair, àgbẹ̀ ará Maryland. Ní ọdún 1834, ìjọba fún un ní ìwé àṣẹ tí a fi ń dáàbò bo iṣẹ́ ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe ohun titun, nítorí ẹ̀rọ kan tí ó ṣe láti máa gbin àgbàdo. Ó dà bí kẹ̀kẹ́ tí a ń tì. Hóró wà nínú àpótí rẹ̀, irin ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Ní ọdún 1836 ó tún gba òmíràn fún ẹ̀rọ tí ń gbin òwú. Blair kò mọ̀wé kọ. Àmì àgbélébùú ni ó fi ọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé ìwé wà, orúkọ rẹ̀ kò parun.

Ẹ wá gbọ́ ti ẹnì kejì. Ẹrú ni, Ned ni a ń pè é, ní Mississippi. Ní ọdún 1857 ọ̀gá rẹ̀, tí ń jẹ́ Stuart, fẹ́ gba ìwé àṣẹ fún irinṣẹ́ oko òwú kan tí Ned ronú kàn. Ọ̀gá náà gbà pé Ned ni ó ṣe é, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ẹrú bá ṣe, ti olówó rẹ̀ ni. Ní ọdún 1858 agbẹjọ́rò àgbà ìjọba Amẹ́ríkà dájọ́ pé kò ṣeé ṣe: ẹrú kì í ṣe ọmọ ìlú, kò lè gba ìwé àṣẹ, ọ̀gá náà kò sì lè gbà á, nítorí pé kì í ṣe òun ni ó ṣe é. Báyìí ni òfin gbà pé orí Ned ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n tí ó kọ̀ láti mọ Ned. Orúkọ kan ṣoṣo tí ó kù nínú ìtàn rẹ̀, kò tilẹ̀ ní orúkọ bàbá lẹ́yìn.

Kò sí ẹni tí ó fi wá ṣe ẹrú lónìí. Bí orúkọ àwọn oníṣẹ́ ọpọlọ wa bá parun, àwa fúnra wa ni a pa á. Ohun tí ó mú iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Mákanjúọlá yàtọ̀ sí ti alágbẹ̀dẹ tí a kò mọ̀ kì í ṣe pé orí rẹ̀ pé jù. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Nítorí pé ó kọ ọ́, ẹlòmíràn lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó dúró sí. Ní Nsukka, Ọ̀jọ̀gbọ́n E. U. Odigboh, tí ó ti kọ̀wé nípa ẹ̀rọ tí ń bó ẹ̀gẹ́ ní 1976, tẹ iṣẹ́ tirẹ̀ lórí ẹ̀rọ ẹ̀gúsí jáde ní 1979. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣe ìwádìí lórí ẹ̀gúsí ṣì ń ka ìwọ̀n tí a ṣe ní 1972. Ọgbọ́n tí a kọ sílẹ̀ a máa bímọ. Ọgbọ́n tí a fi pamọ́ a máa yàgàn.

Nítorí náà a ní ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta. Èkíní ni pé kí ẹgbẹ́ wa ṣí ìwé ńlá kan, kí a máa kọ orúkọ gbogbo alágbẹ̀dẹ, wẹ́dà àti gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó bá ṣe ohun titun fún iṣẹ́ oko tàbí fún oúnjẹ ṣíṣe, pẹ̀lú àwòrán ohun tí ó ṣe àti ọdún tí ó ṣe é. Àwọn àgbà ṣì wà láàyè tí wọ́n lè rántí. Kí a má jẹ́ kí ọdún kan sí i kọjá. Èkejì ni pé kí a máa fi ẹ̀bùn dá àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lọ́lá, lọ́kùnrin àti lóbìnrin. Ilé ẹ̀kọ́ gíga Ilesa Grammar School ti wà láti 1934, ti Osogbo Grammar School láti 1950. Ọmọ tí ó bá ti inú irú ilé bẹ́ẹ̀ mú ẹ̀rọ kékeré kan jáde tí ó mú iṣẹ́ ìyá rẹ̀ fúyẹ́, kí ìlú pàtẹ́wọ́ fún un bí a ti ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tí ó gba oyè. Ẹ̀kẹta kan ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi. Owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ fún òkú ṣíṣe àti fún aṣọ ẹbí, a mọ rírì rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú yín bá lè fi irinṣẹ́ kan tí ó péye ránṣẹ́ sí ọ̀dọ́ wẹ́dà kan nílé, ilé mélòó ni kò ní jẹ nínú rẹ̀?

Nígbà tí ẹ bá tún jókòó sídìí iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ẹ rántí ọwọ́ tí ó bó o àti èjìká tí ó gún un. Ẹ rántí ọkùnrin kan ní Ifẹ̀ tí ó rò pé ọwọ́ náà yẹ kí ó sinmi. Kí ẹ sì bi ara yín léèrè, nínú ìsọ̀ tí ó wà ní ìdí ilé yín, ta ni ó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lónìí, kí ni orúkọ rẹ̀, ta ni ó sì ti kọ ọ́ sílẹ̀?

Kí Olódùmarè jẹ́ kí ọgbọ́n ọwọ́ àwọn ọmọ wa máa tà, kí ó má sì jẹ́ kí orúkọ wọn parun. Àṣẹ.